Ilẹ̀ Tí A Fi Sìmẹ́ǹtì Bò

Ìyá ọkọ mi kì í da omi gbígbóná sílẹ̀ láìké àgò. Bí wọ́n bá bọ ìrẹsì, tàbí tí wọ́n ro omi kúrò lára iṣu, wọ́n á gbé ìkòkò jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á dúró, wọ́n á ní "Àgò o" bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá onílé, wọ́n á tún sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó rọra da omi náà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé, mo rò pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí n kò rí. Mo yọjú, mo wòtún, mo wòsì, adìẹ lásán ni mo rí. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń ké àgò fún. Wọ́n ní àwọn tó ni ibẹ̀ ni. Mo ní, ṣebí àwa la ni ibẹ̀, Bàbá ra ilẹ̀, wọ́n sì gba ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé tí a gbà yẹn, ekòló ò mọ̀ ọ́n kà.

Ìkòsí ni ilé wa wà, ní òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kánáà tí àgbàrá ń gbà. Nígbà tí bàbá ọkọ mi ra ilẹ̀ náà, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ni àwọn èèyàn ń gbìn káàkiri ibẹ̀. Ìjẹ̀bú ni àwọn àti Màmá ti wá. Màmá ta ata àti tòmátò ní Mile 12 títí orúnkún wọn fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá ti dolóògbé kí n tó dé. Màmá àti ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, ìyẹn ọkọ mi, ni mo bá nílé. Ọmọbìnrin wọn wà ní Gbàgádà pẹ̀lú ọkọ tirẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi. Bí a bá gbé mọ́tò méjì síbẹ̀, ó ti kún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gidi ni, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀. Igi furúùtù kan dúró láàárín rẹ̀, bẹ́ǹṣì Màmá wà lábẹ́ igi náà, ewúro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, efinrin wà nítòsí ilé ìdáná, gbúre sì ń hù níbi tó bá wù ú. Láràárọ̀ ni Màmá ń gbá ibẹ̀, ipa ìgbálẹ̀ á hàn lórí ilẹ̀ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Lábẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n sì ti ń bú àwọn olóṣèlú.

Èmi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ẹnu mi máa ń yá ju ẹsẹ̀ mi lọ, ọkọ mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbé mi sílé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kétu. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ohun kan tí kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wọn, torí pé ó wù mí. Mo sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wà tí wọ́n gbà pé ayé yìí, àti òkúta rẹ̀, àti omi rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ rẹ̀, àti gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀, ń ṣe bí ara ẹ̀dá kan ṣoṣo. Bí ooru bá mú wa, à ń làágùn. Bí òtútù bá mú wa, à ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún awọ ara wa. Wọ́n ní bí ayé náà ṣe ń ṣe nìyẹn: igbó ń fa omi sókè, omi ń di ìkùukùu, ìkùukùu ń ṣíji bo ilẹ̀, òjò ń rọ̀, ara ayé ń tutù. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, pé àríyànjiyàn pọ̀ lórí ẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, ṣé Ọlọ́run ló ń ṣe gbogbo ìyẹn ni àbí ilẹ̀ fúnra ẹ̀? Ariwo sọ. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, para pọ̀ wojú mi. Mo ní, Ọlọ́run tó dá awọ ara yín, ṣé òun náà ló tún ń wá bá yín làágùn? Wọ́n rẹ́rìn-ín, aago lù, mo sì ríbi bọ́ sí.

Mo sọ ọ́ fún Màmá nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi dáadáa, wọ́n ní òyìnbó tó sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́n, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Mi ò gbà fún wọn. Mo ní, Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ké àgò fún ilẹ̀, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ̀ ń da kẹrosíìnì sínú ihò èèrà. Wọ́n ní èèrà kò sí nínú àdéhùn. Báyìí la ṣe máa ń ṣe, àwọn á sọ tiwọn, èmi á sọ tèmi, ọkọ mi á máa wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ti rọ̀ mọ́jú, Màmá jáde lọ já efinrin. Ewédò ti hù síbi tí omi òrùlé máa ń ro sí. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n ṣubú sórí ìbàdí. Wọ́n pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ń wá ìborí wọn nínú ẹrẹ̀ kí èèyàn má bàa rí wọn láìborí. Egungun wọn kò kán, ṣùgbọ́n ó sán. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Gbàgádà, wọ́n sì dúró sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn kí ó lè máa tọ́jú wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pe ọkọ mi lórí fóònù. Wọ́n ní kó bá àwọn fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, pé àwọn ò fẹ́ fojú rí ẹrẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ní kó gbé òkè, ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbé e sí ni yóò béèrè. Ó mú bíríkìlà kan wá láti Alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n hú ewúro, wọ́n hú efinrin, wọ́n tẹ́ gíráńáìtì, wọ́n da kọnkéré lé e. Mo ní kí wọ́n dá àyè sílẹ̀ yí ìdí igi ká. Bíríkìlà ní bí a bá dá àyè sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ á gbà jáde. Ọkọ mi ní kó bò ó, ó sì bò ó débi tí sìmẹ́ǹtì fi kan èèpo igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibẹ̀ gbẹ, inú tèmi náà dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ó mọ́ tónítóní, bàtà mi ò sì gbé ẹrẹ̀ lọ sí kíláàsì mọ́.

Màmá padà dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n fi ọ̀pá náà kan sìmẹ́ǹtì gbọ̀n-gbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ìyá ìjọ wá kí wọn, wọ́n rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká, wọ́n sì gbàdúrà fún ọkọ mi pé ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ tọ́jú, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀. Màmá ń ṣe àmín. Lándílọ́ọ̀dù òdìkejì wa yọjú, ó ní ilé wa ti di Lẹ́kí.

Ọyẹ́ dé, ó lọ, ooru ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kíyè sí i pé nǹkan ti yí padà lára Màmá. Àkọ́kọ́, omi gbígbóná. Inú síǹkì ilé ìdáná ni wọ́n ń dà á sí. Mo bi wọ́n pé ẹ ò gbé e lọ síta mọ́. Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ ké àgò fún níbẹ̀? Bíríkìlà?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a gbé bẹ́ǹṣì wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́, inú yàrá ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo bú olóṣèlú kan tí wọ́n kórìíra jù lọ níṣojú wọn, wọ́n kàn ní Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́. Ìyẹn ló kó ẹ̀rù bá mi. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ìfúnpá wọn dára, egungun wọn ti jinná, kí wọ́n máa jẹun kí wọ́n sì máa rìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kó aṣọ wọn tí mo fọ̀ wọ yàrá, mo bá báàgì ńlá lórí ibùsùn, ìdajì aṣọ wọn ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo fẹ́ relé." Wọ́n ní àbúrò àwọn kan tó jẹ́ ọkùnrin ti ń tún yàrá kan ṣe fún àwọn ní abúlé, pé bí Àjíǹde bá ti kọjá, àwọn á lọ. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa padà. Wọ́n ká aṣọ kan, wọ́n tẹ́ ẹ sínú báàgì.

Mo mọ̀ pé ìyàwó mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá wọn gbé báàgì dé gáréèjì. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà nílé ìwé girama. Ọwọ́ obìnrin yìí ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wẹ ọmọ jòjòló, bí a ṣe ń fi omi gbígbóná jó o níbàdí, bí a ṣe ń mọ̀ bóyá igbe ebi ló ń ké tàbí igbe oorun. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wà ní yunifásítì báyìí, bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ohùn Màmá ni ohùn àkọ́kọ́ tí mò ń gbọ́. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, kò ní àlàyé mìíràn.

Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi, pé àgbà kì í wà ní Èkó títí ayé. Mo ní kí ló ń lé wọn? Ó ní kò sí ohun tó ń lé wọn, ara ló fẹ́ ilé.

Iṣẹ́ mi ló là mí lójú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí ilẹ̀ ṣe ń gba ooru sára. Mo kó wọn jáde lọ́sàn-án gan-gan, mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì pápá tí a ti ń tò láàárọ̀, kí wọ́n sáré lọ fọwọ́ kan ilẹ̀ abẹ́ dóńgóyárò. Wọ́n ń ké yéè níbìkan, wọ́n ń jókòó pẹ̀sẹ̀ níbìkejì, wọn ò fẹ́ padà sí kíláàsì. Mo ṣàlàyé pé ilẹ̀ tó tutù yẹn ń làágùn ni, pé omi inú rẹ̀ àti ewé orí rẹ̀ ló ń kó ooru lọ, pé sìmẹ́ǹtì kò lè làágùn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi rántí fèrèsé yàrá Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ló kọjú sí.

Nígbà tí mo délé, oòrùn ti wọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo dúró sórí sìmẹ́ǹtì wa. Ó ṣì gbóná bí ìdí ìkòkò. Ooru náà ń gòkè lọ tààrà sínú fèrèsé ìyá arúgbó kan. Kò sí ẹyẹ, kò sí aláǹgbá, kò sí ìró kankan lẹ́yìn ilé náà. Inú bí mi. Mo wọlé, mo bá ọkọ mi nídìí tẹlifíṣọ̀n, mo ní a gbọ́dọ̀ fọ́ sìmẹ́ǹtì yìí. Lójú Màmá, Daddy ni mò ń pè é, ẹ ni mo sì ń lò fún un. Bó bá ku àwa méjì, ó di ìwọ. Ìwọ ni mo lò lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ṣé orí mi pé, pé ta ló ní kí a dà á, ṣebí ìyá òun ni? Ó dìde, ó lọ bi wọ́n níṣojú mi pé ṣé sìmẹ́ǹtì ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní rárá o, sìmẹ́ǹtì dára, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó ṣe é. Ọkọ mi wò mí bí ẹni tó ká mi mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. 

Igi ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Lọ́dọọdún, igi furúùtù a máa wọ aṣọ pupa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á bọ́ ọ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ rárá tí ewé tuntun á fi bò ó. Lọ́dún náà, ó bọ́ aṣọ, kò sì rí òmíràn wọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ gbẹ, wọ́n ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní igi ti kú, yóò sì wó lu òrùlé. Ó pe agégi kan tó ní ẹ̀rọ ìgégi. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú okùn, ó gun igi náà, ó so okùn mọ́ ọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo sínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Màmá jáde láti yàrá. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mi ò ti rí wọn níta. Wọ́n rìn lọ síbi igi, wọ́n fara ti í, wọ́n fi ọ̀pá wọn dábùú iwájú ara wọn. Ọkọ mi ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́, kí igi má bàa ṣe wọ́n léṣe.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe igi ló ń ṣàìsàn. Èmi ni mo fi nǹkan bò ó nímú."

Ọkọ mi ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń wí?"

"Ẹ̀rù ṣíṣubú ló bà mí. Mo ní kẹ́ ẹ bò ó, ẹ sì bò ó. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Gbàgádà, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n tẹ́ òkú sẹ́yìn ilé mi. Mi ò lè sùn. Mi ò rí ohun tí mò ń bá sọ̀rọ̀." Wọ́n nu ojú wọn. "Gbogbo ẹni tó bá wá ló ń gbàdúrà fún ẹ, èmi náà ń ṣe àmín. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kí o tú u?"

 Ọkọ mi jókòó sórí sìmẹ́ǹtì náà, ó gbá orí mú. Mo rí i pé ó dùn ún. Ó ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ohun náà ló sì fẹ́ lé ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun fẹ́ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú sá fún sìmẹ́ǹtì dípò kí wọ́n sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Màmá ní kó máa rẹ́rìn-ín, pé ẹni tí ìtìjú bá mú ló mọ̀ bó ṣe ń ṣe èèyàn. Agégi, tó ti ń wò wá látìgbà yìí, ní, "Ọ̀gá, mo ti rọ epo sínú máṣíìnì o." Ọkọ mi fún un ní owó epo, ó sì ní kó gé àwọn ẹ̀ka tó ti gbẹ nìkan.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkọ mi lọ sí Owódé Onírin, ó ra díígà àti òòlù ńlá. Ó mú òṣìṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ náà fọ́ nínú ẹ̀. A ò fọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí a fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí igi, kí a sì ri irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí Màmá á máa dì mú. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe irọ́, egungun wọn sán lóòótọ́. Ọkọ mi ní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí, mo sọ ohun tí kò ní ariwo nínú.

Ohun tí a bá lábẹ́ sìmẹ́ǹtì kò dùn ún wò. Ilẹ̀ dúdú wa ti di eérú, ó le gan-an, ó ń rùn bí àpótí tí a kò ṣí fún ọdún. Àwọn gbòǹgbò wínníwínní ti na ara wọn mọ́ abẹ́ kọnkéré, gbogbo wọn pẹlẹbẹ, bíi pé wọ́n ń wá ihò tí wọ́n á gbà jáde. Mo fi díígà tú u, mi ò rí ekòló kan. Màmá wò ó láti orí ọ̀nà tóóró yẹn, wọ́n padà wọlé. Báàgì wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo rò pé ó ti bọ́ sórí.

Ṣùgbọ́n mo lórí kunkun. Mo lọ sí Mile 12, sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Màmá tí wọ́n jọ ń ta ata nígbà kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní gbogbo ohun tó bá ti rà. Wọ́n wò mí tàánútàánú, wọ́n ní ṣé ìyà ti ń jẹ tíṣà tó báyìí ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fún mi: tòmátò tó ti fọ́, ewé ẹ̀fọ́ gbígbẹ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, lọ́pọ̀ àpò. Mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, mo fi ewé igi bò ó, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó rùn. Lándílọ́ọ̀dù òdìkejì ní ilé wa ti kúrò ní Lẹ́kí, ó ti di ààtàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú sùúrù, ó ní òun á fún mi di ìgbà òjò.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì wà níbẹ̀, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sẹ́yìnkùlé wa, abẹ́ géètì ló ń gbà lọ sí ẹnu ọ̀nà lándílọ́ọ̀dù yẹn, kò sì lè sọ̀rọ̀ torí pé omi tirẹ̀ náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró lójú fèrèsé. Omi dúró lórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń mu ún pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Kí òjò tó dá, ibẹ̀ ti gbẹ, kò sì sí ẹ̀kán kan tó jáde lábẹ́ géètì. Lándílọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tó fi máa ń gbá omi, kò rí omi gbá. Ó wojú mi, kò sì sọ̀rọ̀ òórùn mọ́.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ibi tí àwọn ekòló ti wá, mi ò rà wọ́n, mi ò pè wọ́n. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan, mo rí òkìtì kéékèèké tí wọ́n kó jáde káàkiri. Adìẹ tẹ̀ lé wọn, ẹyẹ tẹ̀ lé adìẹ. Tòmátò hù fúnra rẹ̀ láti inú àwọn tó ti rà, a ò mọ ibi tí a fẹ́ tẹ̀ sí mọ́. Ewé kékeré, tútù, yọ ní ṣónṣó ẹ̀ka igi, kì í ṣe ní gbogbo ẹ̀ka o, ṣùgbọ́n ó yọ. Èmi tí mo ti fi ẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ayé ń tọ́jú ara rẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo kàn ń sọ ọ́ ni títí mo fi rí i. Mo padà sí kíláàsì, mo sọ fún wọn pé ayé lè ṣàìsàn, ibà lè mú un, a sì lè dá kún ibà náà, ṣùgbọ́n ó ń wá ìwòsàn ju bí àwa ṣe ń wá a lọ. Bí a bá kàn lè ṣí ọwọ́ kúrò ní imú rẹ̀, yóò mí. Mo gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, mi ò sì fi ṣe àwàdà.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí jókòó síta. Wọ́n di irin mú, wọ́n rọra rìn dé ìdí igi, wọ́n ń pàṣẹ ibi tí mo máa gbin ewúro sí. Wọ́n tún ń bú olóṣèlú. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ báàgì, èmi náà ò sì bi wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. Màmá kì í kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, bí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé àwọn ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀ náà nìyẹn. Àbúrò wọn sì ti kun yàrá.

Àjíǹde kọjá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ̀ lé e. Ní Sátidé kan, àbúrò wọn dé láti abúlé, ọkùnrin gíga, onífìlà, tó gba mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo se ìrẹsì, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Màmá mú un lọ sábẹ́ igi, wọ́n jọ jẹun, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú àti àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gbọn fìlà rẹ̀, ó dìde, ó ní kí a gbé ẹrù jáde, kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá àwọn lọ́nà. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Èmi wo Màmá.

Màmá ń fi eyín wọn sí ẹran tó kù lórí egungun, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ò gbà."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. Mi ò tíì lanu rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò bẹ̀ wọ́n, mi ò sì dá wọn dúró. Mo wo Màmá, egungun ni wọ́n ń wò. Ìgbà náà ló yé mi pé wọn ò lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, pé ẹnu mi ni wọ́n fẹ́ yá.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Mi ò gbà."

Ó bínú lóòótọ́. Ó ní àwọn obìnrin ìwòyí ti ya olórí kunkun jù, pé láyé ìgbà kan, ìyàwó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé bàbá ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ gbà mí sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Màmá ń mi orí sí gbogbo ohun tí àbúrò wọn ń sọ, bíi pé ọ̀rọ̀ mi sú àwọn náà.

Títí di òní, ní abúlé yẹn, èmi ni ìyàwó aláìgbọràn tí kò jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ wálé. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí, mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń bẹ̀bẹ̀, Màmá á sì bá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú mi.